Owó Orí Inú Owó Orí: Ohun Tó Yẹ Kí Onílé Mọ̀ Nípa Agbègbè Àyàsọ́tọ̀ Nínú MUD

Lójú ewé ìṣòwò yìí, ọ̀rọ̀ okòwò la sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ìdílé wa, ilé tí a rà ni okòwò tó tóbi jù lọ tí a ó ṣe láyé wa. N kò ní fi bọpo bọyọ̀. Òfin Texas fàyè gbà á kí wọ́n pààlà sí apá kan nínú ẹkùn ìjọba kékeré tí à ń pè ní MUD, kí wọ́n sì máa gba owó orí mìíràn lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ààlà náà nìkan. N kò sọ pé òfin náà burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó máa san owó náà kì í sábà sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò fún un, àti pé àwa tí à ń wá ilé tuntun ní ẹ̀sìtéètì tuntun wà lára àwọn tó ń dé lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ìdìbò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí MUD jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń san án láìmọ̀ ọ́n. Municipal Utility District ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bí ẹ bá ti kúrò láàárín ìlú Houston, tí ẹ gba ọ̀nà Katy, Cypress, Spring tàbí Richmond lọ, ẹ ó rí ilẹ̀ rẹpẹtẹ tí kò sí lábẹ́ ìlú kankan. Káúńtì ń ṣe ọ̀nà, ó sì ní ṣẹ́rífù, ṣùgbọ́n káúńtì kì í gbẹ́ kànga omi fún ẹ̀sìtéètì, kì í ri páìpù mọ́lẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, kì í sì í kọ́ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. MUD ni ẹni náà. Ìjọba ni, kì í ṣe ilé iṣẹ́ aládàáni, kì í sì í ṣe HOA. Mo mọ àwọn tó ti gbé Texas fún ogún ọdún tí wọ́n ṣì ń da méjèèjì pọ̀. HOA ni yóò kọ̀wé sí yín pé koríko iwájú ilé yín ti ga jù. MUD ni ìjọba tó lè bu owó orí lé ilé yín bí káúńtì àti ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń bù ú lé e.

Agbára yẹn kò ṣàdédé wá. Ní 1917 ni wọ́n fi apá 59 kún Abala 16 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Texas, èyí tó gba ìjọba láyè láti dá ẹkùn omi sílẹ̀. Ní 1971 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá gbé òfin MUD kalẹ̀. Òun ló wà ní Orí 54 ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Water Code. Orí 49 inú ìwé kan náà kan gbogbo ẹkùn omi lápapọ̀. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà wọ̀nyí bà yín lẹ́rù. Mo kọ wọ́n síbí kí ẹ lè rí nǹkan dì mú nígbà tí ẹ bá ń bá agbẹjọ́rò tàbí realtor sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn lé yín kúrò níbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń dá MUD sílẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ẹ̀sìtéètì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní developer, yóò ra ilẹ̀ oko tàbí pápá màlúù. Àwọn onílẹ̀ tí ilẹ̀ wọn ju ìdajì lọ nínú iye owó gbogbo ilẹ̀ náà ni yóò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sí àjọ TCEQ ní Austin, àfi bí wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ tààrà. Bí ilẹ̀ náà bá wà ní ìta ààlà ìlú ṣùgbọ́n tí ìlú náà ní àṣẹ díẹ̀ lórí rẹ̀, ìlú náà gbọ́dọ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ni olùdarí márùn-ún yóò jókòó fún ìgbà díẹ̀, tí wọn yóò pe ìdìbò láti fìdí ẹkùn náà múlẹ̀, tí wọn yóò sì dìbò lórí iye gbèsè bọ́ǹdì tí ẹkùn náà lè jẹ. Developer yóò kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ ri páìpù. Nígbà tí ilé bá ti ń dìde, ẹkùn yóò ta bọ́ǹdì, yóò fi owó rẹ̀ san owó developer padà, owó orí tí àwa onílé ń san ni yóò sì máa san bọ́ǹdì náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Títí dé ibí yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ rí. Èyí tí ẹ̀yin mìíràn kò tíì gbọ́ ni pé MUD kan lè tún ní àyè mìíràn nínú ara rẹ̀. Òfin pè é ní defined area. Agbègbè àyàsọ́tọ̀ ni n ó máa pè é níhìn-ín. Apá 54.801 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹkùn tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 éékà ó kéré tán lè pààlà sí àwọn ibì kan, tàbí kó dárúkọ àwọn ilẹ̀ kan, kí wọ́n lè san owó ohun èlò tàbí iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ṣe láǹfààní jù lọ, tí kò sì ṣe gbogbo ẹkùn láǹfààní lápapọ̀. Ìyẹn ni pé bí apá ìwọ̀ oòrùn ẹkùn bá nílò ẹ̀rọ tí ń fa omi ìgbọ̀nsẹ̀ gòkè, tàbí adágún ńlá tí ń gba omi òjò dúró, tàbí ọ̀nà àti ọgbà ìgbafẹ́ tí ìhà ìlà oòrùn kò ní lò, kì í ṣe dandan kí ìhà ìlà oòrùn bá wọn dá owó rẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ kò gùn. Ìgbìmọ̀ olùdarí yóò kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ààlà ibẹ̀ bí àwọn sàfẹ́yọ̀ ṣe ń ṣe é, igun sí igun, ìwọ̀n sí ìwọ̀n, tàbí kí wọ́n dárúkọ ilẹ̀ náà ní pàtó. Wọn yóò gba ètò kan wọlé: ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀ àti bí owó orí rẹ̀ yóò ṣe rí. Ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ títí àwọn olùdìbò tó ń gbé nínú ààlà náà yóò fi dìbò fún un. Kì í ṣe olùdìbò gbogbo ẹkùn o, àwọn tó wà nínú ààlà nìkan ni. Ohun mẹ́ta ló wà pọ̀ nínú gbólóhùn kan lórí ìwé ìdìbò: yíya agbègbè sọ́tọ̀, títa bọ́ǹdì, àti bíbu owó orí láti san bọ́ǹdì náà. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti dìbò gbà á, ìgbìmọ̀ yóò pàṣẹ, wọn yóò fi àṣẹ náà sínú àkọsílẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ sì ni ẹkùn lè lo agbára owó orí rẹ̀ lórí agbègbè náà lọ́tọ̀, ní ọ̀nà tó yàtọ̀ sí ti ìyókù.

Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n bú òfin yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ní Àgbádó, ní Ọ̀jọ̀ọ́ tàbí ní ẹ̀yìn Ìkòròdú mọ bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ṣe ń dá owó ra tiransifọ́mà. Bí ó bá jẹ́ òpópónà mẹ́ta ni tiransifọ́mà náà yóò fún níná, òpópónà mẹ́ta náà ló ń dá owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ti ẹ̀yìn odò. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yẹn, ìjà ni. Ohun tí apá 54.801 ń sọ kò jìnnà sí èyí: ẹni tó ń jẹ oyin ni kó fara da oró rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé inú ẹkùn láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san gbèsè tiwọn tán, kò yẹ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ gbèsè tuntun nítorí pé developer ra oko tó wà lẹ́yìn wọn. Bí ilé yín bá wà ní apá àtijọ́ ẹkùn, òfin yìí ń dáàbò bò yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n níbi tiransifọ́mà, àwọn tó dá owó ló pàdé tí wọ́n fẹnu kò. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n pariwo, ẹnì kan ní òun kò ní san, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó san. Nínú agbègbè àyàsọ́tọ̀, ta ló dìbò? Lọ́jọ́ tí ètò náà délẹ̀ fún ìdìbò, pápá ni ibẹ̀ ṣì jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé ẹyọ kan lè má sí níbẹ̀. Ohun tó sì ti di àṣà ní Texas, tí àwọn oníròyìn ti kọ̀wé nípa rẹ̀ léraléra, ni pé ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ń gbé nínú ilé alágbèéká tí wọ́n fà wá sórí ilẹ̀ náà ni àwọn olùdìbò. Ènìyàn méjì yìí yóò wọlé, wọn yóò dìbò, gbèsè tí wọ́n fọwọ́ sí sì lè tó ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè kó lọ. Kò rú òfin. Olùgbé ni wọ́n lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n sì forúkọ sílẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn olùdarí àkọ́kọ́: òfin ní kí olùdarí jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógún ó kéré tán, ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gbé ní Texas, kó sì ní ilẹ̀ tí wọ́n ń san owó orí lé lórí nínú ẹkùn tàbí kó jẹ́ olùdìbò níbẹ̀. Nítorí náà developer lè ta pọ́ńkẹ́lẹ́ ilẹ̀ kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, ó parí. Wọn kò ní láti sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìdìbò yẹn kì í sì í ṣe fún ọdún kan. Iye bọ́ǹdì tí àwọn méjì yẹn fọwọ́ sí ni ẹkùn yóò máa fà yọ díẹ̀díẹ̀ bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdílé tó kó wọlé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà lè gbọ́ pé ẹkùn tún ta bọ́ǹdì tuntun, wọ́n á ní, "Ìgbà wo la dìbò fún èyí?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n ti dìbò fún yín kí ẹ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká fi owó díwọ̀n rẹ̀. Owó orí MUD máa ń jẹ́ iye kan lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé. Ká ní ilé yín jẹ́ $350,000, tí owó orí gbogbo ẹkùn sì jẹ́ sẹ́ǹtì 70. Ẹ ó san $2,450 lọ́dún. Bí ilé náà bá wà nínú agbègbè àyàsọ́tọ̀ tó ń gba sẹ́ǹtì 45 lé e, $1,575 mìíràn ti wọlé nìyẹn, gbogbo rẹ̀ di $4,025. Mo fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ilé méjì tí ọ̀nà kan ṣoṣo là láàárín, developer kan náà, yàrá kan náà, bíríkì kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà, ọ̀kan sì fi $131 ju èkejì lọ lóṣù. Owó ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọmọ wà níbẹ̀. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wà níbẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ìdínkù tí òfin ń fún onílé tó ń gbé inú ilé rẹ̀ lórí owó orí ilé ẹ̀kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀ lé lórí láti 2023, kò dé ọ̀dọ̀ MUD. Ẹkùn lè fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ìdínkù tirẹ̀, ó sì lè má yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun kejì ni ti ilé tuntun. Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wo iye ohun ìní. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n bá lọ́jọ́ náà, owó orí ilẹ̀ òfìfo ni yóò dé lọ́dún yẹn, ilé mọ́gééjì lè fi ìyẹn ṣírò escrow, inú yín á dùn. Lọ́dún kejì ni ilé odidi yóò wọ inú ìṣirò, pẹ̀lú MUD, pẹ̀lú àyàsọ́tọ̀. Ìyá kan láàárín wa sọ fún mi pé òun rò pé wọ́n ń fi jìbìtì gba owó lọ́wọ́ òun nígbà tí owó oṣù ilé òun fò sókè lójijì. Kì í ṣe jìbìtì. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á fún un, realtor tó mú un débẹ̀ sì wà lára àwọn tí kò kà á.

Ìwé yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó. Apá 49.452 Water Code ní ẹni tó ń ta ilé nínú irú ẹkùn yìí gbọ́dọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á ní ìwé ìkìlọ̀ kí àdéhùn tó mú wọn méjèèjì. Iye owó orí ẹkùn, iye bọ́ǹdì tí àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí àti iye tí wọ́n ti tà wà nínú ohun tí ó gbọ́dọ̀ sọ. Bí wọn kò bá fún yín ní ìwé náà lásìkò, òfin fún yín ní ẹ̀tọ́ láti jáde nínú àdéhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kì í dúró lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn closing, ẹjọ́ ló kù, ẹjọ́ sì ní òdiwọ̀n àti àkókò tirẹ̀. Lọ́jọ́ closing, àwọn ìwé máa ń ga bí òkìtì, ọwọ́ a sì máa ro ni láti fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ yẹn kí ẹ tó rí ìwé ìkìlọ̀ MUD. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, kí ẹ sì béèrè ní tààrà: "Ṣé ilé yìí wà nínú defined area? Èló ni owó orí rẹ̀ lọ́tọ̀? Bọ́ǹdì èló ni wọn kò tíì tà?" Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń sọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ sì lè wo àkọsílẹ̀ ilé náà fúnra yín ní ọ́fíìsì tí ń díye lé ohun ìní ní káúńtì yín. HCAD ni ti Harris, FBCAD ni ti Fort Bend. Wọ́n máa ń to gbogbo àwọn tó ń gba owó orí lórí ilé náà síbẹ̀. Bí ìlà méjì bá jẹ mọ́ MUD kan náà, ẹ dúró, ẹ béèrè.

Àwọn developer ní àwíjàre tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí kò bá sí MUD, owó páìpù àti adágún yóò bọ́ sínú iye ilé, àwa náà ni yóò sì san án, pẹ̀lú èlé mọ́gééjì. Wọ́n ní nítorí MUD ni ìdílé tí kò lówó púpọ̀ fi lè ra ilé tuntun oníyàrá mẹ́rin ní Katy. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò lè sẹ́ ẹ. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ìpolówó ilé máa pariwo iye ilé, kí ó sì máa fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ti owó orí. Bí iye ilé bá kéré nítorí pé owó orí pọ̀, ẹ kọ méjèèjì sí ojú ewé kan náà, ní ìwọ̀n lẹ́tà kan náà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣòfin, nǹkan méjì ni n ó yí padà. Èkíní, ìdìbò àwọn méjì inú ilé alágbèéká yóò ní òpin: nígbà tí iye ìdílé kan bá ti dé inú agbègbè náà, bọ́ǹdì tí wọn kò tíì tà yóò padà sọ́dọ̀ àwọn olùgbé fún ìdìbò tuntun. Àwọn tó ń ra bọ́ǹdì yóò ní ìyẹn á dẹ́rù ba ọjà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, bọ́ǹdì tí wọ́n bá ti tà wà láìfọwọ́kàn. Èyí tí wọn kò tíì tà nìkan ni. Èkejì, kí àwòrán ààlà àyàsọ́tọ̀ wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ta ilé, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán odò ìwẹ̀ àti ibi eré ọmọdé tí wọ́n máa ń fi hàn wá. Ẹni tó bá ń yan ilé yóò rí ìlà náà bó ti ń rí odò ìwẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, àyàsọ́tọ̀ mìíràn kàn yín. Bí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ yín tàbí ilé ìdirun yín bá wà nínú MUD tí kò sí láàárín ìlú Houston, ìlú náà ṣì lè bá MUD yẹn ṣe àdéhùn lábẹ́ apá 43.0751 ìwé òfin ìjọba ìbílẹ̀. Wọn yóò mú ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà nìkan wọ ìlú fún ìdí díẹ̀, ilé gbígbé yóò wà níta. Ìlú kò ní gba owó orí ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba owó orí ọjà tirẹ̀, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí òun àti MUD sì sábà máa ń pín ní ìdajì-ìdajì. Owó orí ọjà ìjọba Texas jẹ́ 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ìbílẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 2 lọ, gbogbo rẹ̀ kò lè kọjá 8.25. Nítorí náà ṣọ́ọ̀bù méjì ní ìkángun òpópónà kan lè máa gba iye tó yàtọ̀. Ẹ fi àdírẹ́sì yín wo iye tiyín lórí ìkànnì Comptroller, torí bí ẹ bá gba iye tó kéré lọ́wọ́ oníbàárà, àpò yín ni ìyókù yóò ti jáde. Mo fẹ́ràn àdéhùn yìí ju bọ́ǹdì lọ ní tèmi, nítorí ìdajì tó padà sọ́dọ̀ MUD lè mú kí owó orí onílé fúyẹ́. Ó yẹ kí olùgbé béèrè ní ìpàdé ohun tí wọ́n fi ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ló kù. Ìpàdé ìgbìmọ̀ MUD ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò láàárín ìlú Houston, níbi tí owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ti tó lé ènìyàn padà sílé. Ìdìbò olùdarí jẹ́ nínú oṣù Karùn-ún ní ọdún tó ṣeé pín sí méjì, ọdún mẹ́rin ni olùdarí ń lò, oṣù Kejì sì ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdíje ń parí. Bí kò bá sí ẹni tó bá àwọn tó wà níbẹ̀ du ipò, òfin gbà wọ́n láyè láti fagi lé ìdìbò náà pátápátá, àwọn náà á sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́pọ̀ ẹkùn. Ẹni tó ní káàdì ewé lásán ń san owó orí náà bí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè dìbò, kò sì lè jẹ́ olùdarí. Èyí nìkan tó fún àwọn tó ti tó àsìkò láti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè láti má fi í falẹ̀ mọ́.

Apá 49.062 tún ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń gbé inú ẹkùn kan náà láàárín wa lò. Bí olùdìbò márùndínlọ́gbọ̀n bá ti ń gbé nínú ẹkùn, márùn-ún nínú wọn lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé ibi tí wọ́n ń ṣe ìpàdé jìnnà jù, kí wọ́n gbé e wá sínú ẹkùn. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀, àwọn márùn-ún náà lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àjọ TCEQ. Ènìyàn márùn-ún péré, ìwé kan. Mo mọ ẹ̀sìtéètì kan ní ìhà Richmond tí ìdílé wa ibẹ̀ ti lé ní mẹ́wàá, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ orúkọ olùdarí MUD rẹ̀ kan. Èmi yóò mú ẹ̀dà lẹ́tà náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ká jọ ka ìwé closing rẹ̀ lè mú un dání wá.